Lẹ́tà Ṣáínà tí wọ́n fi máákà kọ sára páálí: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ń ṣì í kà?

Sítókípà_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ̀rọ̀ sítóò ẹ̀yà ẹ̀rọ kan l'Ẹ̀pẹ́ ni, lọ́nà tó lọ sí àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ẹrù ti ń wá, àwọn fúnra wọn ló sì ń fi máákà kọ orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ sára páálí. Ẹni tó ń gba ẹrù wọlé kò gbọ́ èdè wọn. Ohun tí a ń wá kò pọ̀: kí a fi fóònù ya ara páálí, kí kọ̀ǹpútà sọ pé 水泵 ló wà níbẹ̀, ìyẹn pọ́ǹpù omi, tàbí 阀门, ìyẹn fáàfù, tàbí 轴承, ìyẹn bíárìn, tàbí 螺丝, ìyẹn súkúrù, kó sì sọ iye rẹ̀. Orúkọ ọjà tó ń wọlé kò ju 300 lọ, gbogbo wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ti wà nínú ìwé ọjà.

Model tó wà lọ́wọ́, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ìwé kíkà látinú àpẹẹrẹ, jẹ́ èyí tí wọ́n fi CASIA-HWDB1.1 kọ́, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà Ṣáínà tí èèyàn fọwọ́ kọ. Ó mọ àmì 3,755 (lẹ́tà Ṣáínà kọ̀ọ̀kan là ń pè ní àmì). Tí a bá fún un ní àwòrán láti inú dátà yẹn fúnra rẹ̀, ó ń kà á geerege. Tí a bá fún un ní fọ́tò páálí, ọ̀rọ̀ á dojú rú. 泵 á di òkúta àti omi, 右 á di 石, 十 á di 千. Mẹ́wàá ni 十, ẹgbẹ̀rún ni 千, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nínú ìwé sítóò.

Ṣé model tó tóbi ju eléyìí lọ ni ká wá ni? Láptọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ ní RAM 8 GB, kò ní GPU, ìyẹn káàdì tó ń mú irú iṣẹ́ yìí yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

---

ÀwòránMọ́_Ìkòròdú

Sítókípà, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì wá model míì rárá. Àárín kámẹ́rà àti model ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ẹ ro bí wọ́n ṣe kó CASIA jọ. Institute of Automation tó wà lábẹ́ Àjọ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Ṣáínà ló ṣe é láàárín 2007 sí 2010. Èèyàn 1,020 ló kọ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Bírò Anoto ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí ìwé, wọ́n fi scanner gbé e wọlé, wọ́n gé àmì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n sì nu ẹ̀yìn rẹ̀ di 255, ìyẹn funfun báláú. Model yín kò rí páálí rí. Kò rí òjìji ọwọ́ tó di fóònù mú, kò rí àwọn ìlà gbọọrọ tó wà lára páálí, kò sì rí ìlà máákà tó sanra bí ìka ọmọdé. Ohun tí kò rí rí lẹ ń bi í, ó sì di dandan kó mú ọ̀kan nínú 3,755 tó mọ̀, torí kò lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọ̀. Ìpele mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Kóòdù tó pọ̀ jù kàn máa ń pò wọ́n pọ̀ di aláwọ̀ eérú. Páálí aláwọ̀ ilẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà púpọ̀, àwọ̀ ewé níwọ̀nba, búlúù díẹ̀. Tí máákà bá jẹ́ pupa, tí ẹ sì wo ìpele pupa, ìńkì àti páálí á mọ́ bákan náà, ìkọ̀wé á pòórá. Ìpele àwọ̀ ewé ni kí ẹ mú fún máákà pupa: páálí ṣì mọ́ níbẹ̀, ìńkì á dúdú. Fún máákà dúdú tàbí búlúù, ìpele pupa ló dáa jù, torí ibẹ̀ ni páálí ti mọ́ jù lọ.

Òjìji ló kàn. Ẹ má fi ààlà kan ṣoṣo pín gbogbo fọ́tò sí dúdú àti funfun. Ọ̀nà Otsu, tó ń wá irú ààlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, dáa fún ìwé tí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sórí rẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà sítóò, níbi tí oòrùn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, apá tó ṣókùnkùn á di dúdú pátá, ìkọ̀wé á rì sínú rẹ̀. Ọ̀nà Sauvola ni kí ẹ lò. Ó máa ń wo àyíká pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn tóótó tó para pọ̀ di fọ́tò, kó tó ṣèdájọ́. Ẹ jẹ́ kí àyíká tó ń wò fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún sísanra ìlà. Tí ìlà máákà bá jẹ́ pixel 12, ẹ fi 41 tàbí 51 sí i. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí: tí àyíká yẹn bá kéré ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ, àárín ìlà á di funfun, etí rẹ̀ méjèèjì nìkan ló máa ṣẹ́ kù ní dúdú. Ìlà kan ti di méjì nìyẹn. 一, ìyẹn oókan, á wọ inú model ní ìrísí 二, ìyẹn eéjì, model á sì kà á bó ṣe rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ model kọ́.

Ẹ sún mọ́ páálí tó bẹ́ẹ̀ tí gíga àmì kan á fi tó pixel 100 nínú fọ́tò. Lábẹ́ 64, àmì tí ìlà rẹ̀ pọ̀ á di ẹyọ dúdú kan.

Bí ẹ ṣe ń fún àmì náà ní ìwọ̀n tí model ń fẹ́, bóyá 64 lọ́nà 64 tàbí 96 lọ́nà 96, tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹ gé àmì náà mọ́ etí, ẹ na ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù títí á fi kù díẹ̀ kó kan etí àpótí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ wá fi òfìfo kún ìyókù. Ẹni tó bá na ìbú àti gíga lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè kún àpótí, 一 tó yẹ kó jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á wú di búlọ́ọ̀kù dúdú. Àfi tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ́ model ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣí kóòdù rẹ̀ wò, ohun tó ṣe gan-an ni kí ẹ ṣe.

Ẹ tún wo èwo ni dúdú, èwo ni funfun. Ọ̀pọ̀ máa ń yí àwòrán CASIA padà kí ẹ̀yìn lè di 0, kí ìkọ̀wé sì di nọ́ńbà ńlá. Tí fọ́tò yín bá wọlé láìyí i padà, kò sí ọ̀kan tí á kà tọ̀nà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì, ẹ mú ogún àwòrán látinú fọ́tò yín ní bó ṣe ń wọ inú model gan-an, ẹ tò wọ́n pọ̀ mọ́ ogún láti inú CASIA sójú kan. Tí ẹ bá lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, iṣẹ́ ṣì wà níbi àwòrán.

---

Alámì

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 右 àti 石 kì í ṣe ti fọ́tò nìkan. Ẹ wo méjèèjì dáadáa. Nínú 右, tó túmọ̀ sí ọ̀tún, ìlà tó dà sí òsì yọrí sókè kọjá ìlà ìbú. Nínú 石, tó túmọ̀ sí òkúta, abẹ́ ìlà ìbú ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyókù wọn bára mu. Tí ọwọ́ bá yá, orí yẹn lè má yọ ju bí ẹnu máákà ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ wá fi kóòdù tó ń nu ìdọ̀tí kọjá lórí rẹ̀, ó nù ún mọ́ ìdọ̀tí, ọ̀tún ti di òkúta nìyẹn.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ fojú kéré àmì kékeré. Ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, àmì orí nìkan ló yà wọ́n. Ẹ yọ ti ìsàlẹ̀, ọkọ á di oko. Bákan náà ni 大 jẹ́ ńlá, ẹ fi tóótó sábẹ́ rẹ̀, ó di 太, ó pọ̀ jù. Ẹ gbé tóótó náà lọ sí èjìká ọ̀tún, ó di 犬, ajá. Nínú 未 ìlà ìbú ìsàlẹ̀ ló gùn jù, nínú 末 ti òkè ni. 土 àti 士 náà, gígùn ìlà ni. 己, 已 àti 巳, bóyá ẹnu òsì ṣí, ṣí díẹ̀, tàbí pa dé ni. Ti nọ́ńbà yín nìyí: 十 kò ní nǹkan kan lórí, 千 ní ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ lókè, 干 ní ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kí kóòdù yín pa ẹyọ kékeré tó bá wà nítòsí ìlà ńlá rẹ́. Èyí tó dá wà lókèèrè nìkan ni kí ẹ nù.

Òkúta àti omi tí ẹ rí kì í ṣe àṣìkà, gígé ló burú. Ẹ wo 泵: 石 ló wà lókè, 水 ló wà nísàlẹ̀. Tí ẹni tó kọ ọ́ bá fi àyè díẹ̀ sáàárín, kóòdù tó ń gé ìkọ̀wé á rò pé àmì méjì tó wà lórí ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni 轴 á ya sí 车 àti 由, 明 á ya sí 日 àti 月, 好 á ya sí 女 àti 子. Gbogbo ègé wọ̀nyí jẹ́ àmì tòótọ́ láyè ara wọn, model á sì kà wọ́n láìkọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi gé lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á tún gbìyànjú láti so ègé méjì tàbí mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn pọ̀, wọ́n á fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n á wá yan ọ̀nà tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ ga jù. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àmì Ṣáínà, yálà ìlà rẹ̀ kéré tàbí ó pọ̀, inú àpótí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ègé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fura sí i.

Ní ti 3,755: inú GB2312, ìyẹn àkójọ àmì fún kọ̀ǹpútà tí Ṣáínà gbé jáde ní 1980, ló ti wá. Àmì 6,763 ló wà nínú rẹ̀. Ìpele kìíní jẹ́ 3,755, wọ́n tò ó ní títẹ̀lé ìró. Ìpele kejì jẹ́ 3,008, wọ́n tò ó ní títẹ̀lé ẹ̀yà àmì. Ìpele kìíní ni HWDB1.1 mú. 阀, 泵, 轴 àti 螺 wà nínú rẹ̀. 鑫, tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti fi sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí níbẹ̀. Ìpele kejì ló wà, ìlà 24 ló sì ní. Tí wọ́n bá kọ orúkọ olùránṣẹ́ sára páálí, irú àmì bẹ́ẹ̀ á máa wọlé, model á sì fi tipátipá pè é ní nǹkan míì. Bákan náà ni ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń lò ní Taiwan àti Hong Kong: 閥門 ni wọ́n ń kọ dípò 阀门. GB2312 kò ní 閥. Ẹ gbé gbogbo orúkọ ọjà yín kalẹ̀, kí kóòdù wò ó bóyá gbogbo àmì inú wọn wà nínú 3,755. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ gbọ́ eléyìí náà lórí model ńlá. Nínú ìdíje kíka ìkọ̀wé Ṣáínà tó wáyé níbi àpérò ICDAR 2013, lórí ìkọ̀wé èèyàn 60, ẹni tó gbapò kìíní fún àwòrán àmì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn Fujitsu, gba 94.77%. Àwọn èèyàn tí wọ́n ní kí wọ́n ka ìkọ̀wé kan náà gba 96.13%. Látìgbà náà model ti kọjá èèyàn, ó ti lé ní 97%. Ìyẹn ni pé láàárín model tó dáa àti èyí tó dáa jù, bíi ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ohun tí ẹ ń pàdánù sára páálí ju ìyẹn lọ fíìfíì.

---

Sítókípà_Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti to fọ́tò 20 tiwa sí ẹ̀gbẹ́ 20 ti CASIA: tiwa sanra, tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó hàn kedere. A fẹ́ fi ìkọ̀wé tiwa kún dátà kí a tún model náà kọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì dí wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, fáìlì .gnt tí a ṣí, ìyẹn èyí tí àwòrán CASIA wà nínú rẹ̀, àwòrán ń jáde dáadáa ṣùgbọ́n orúkọ àmì tó ń bá a jáde jẹ́ àmì ìfàyọ àti nǹkan játijàti. Ìkejì, kọ̀ǹpútà ń dákú tí a bá ń kó gbogbo rẹ̀ wọlé.

---

Kóòdù_Àgbádárìgì

Méjèèjì ní ìdí.

Àmì kọ̀ọ̀kan nínú .gnt ní báìtì 10 níwájú. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni kóòdù GB, ìyẹn nọ́ńbà àmì náà nínú GB2312, méjì fún ìbú, méjì fún gíga, àwòrán ló kù, báìtì kan fún pixel kan. Ìwọ̀n iwájú gbọ́dọ̀ bá 10 + ìbú × gíga mu. Tí kò bá bá a mu, ẹ dúró, ẹ má kà á lọ. Ìwọ̀n, ìbú àti gíga, báìtì kékeré ló ń ṣáájú nínú wọn. Kóòdù GB kò rí bẹ́ẹ̀. Báìtì méjèèjì, bí wọ́n ṣe tò nínú fáìlì ni kí ẹ kó wọn fún decode('gbk'), àṣẹ Python tó ń sọ kóòdù di àmì. 啊 ló ṣáájú nínú ìpele kìíní, B0 A1 ni. Ẹ yí i padà di A1 B0, àmì ìfàyọ “ lẹ máa rí, ohun tí ẹ sì ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ to gbogbo kóòdù náà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà láti 0 dé 3754, kí ẹ kọ tábìlì yẹn sínú fáìlì kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn mọ́. Tí tábìlì tí ẹ fi kọ́ model bá yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ń lò, gbogbo ìdáhùn á jẹ́ irọ́ pẹ̀lú ìgboyà, kò sì sí ohun tó máa fi hàn yín pé nǹkan bàjẹ́.

Ní ti ìrántí: HWDB1.1 ní àwòrán 1,121,749. Ní 64 lọ́nà 64, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4,096, gbogbo rẹ̀ á gba bíi 4.6 GB. Ìyẹn ṣì lè wọ RAM 8 GB tìpá-tìkúùkù. Ṣùgbọ́n tí kóòdù yín bá yí i sí float32, ìyẹn báìtì mẹ́rin fún pixel kan, kó tó kó o jọ, ó di ìlọ́po mẹ́rin, 18.4 GB, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń dákú. Ẹ fi í sílẹ̀ ní uint8, ìyẹn báìtì kan fún pixel kan, sórí dísìkì, ẹ lo memmap tàbí HDF5, tó ń jẹ́ kí a kà á díẹ̀díẹ̀ látorí dísìkì, kí ẹ máa yí 128 tàbí 256 péré sí float nígbà tó bá kan wọn. Ẹ tún jẹ́ kí ó máa tọ́jú ibi tó dé ní gbogbo ìdajì wákàtí, iná ọba kì í sọ kó tó lọ.

Láti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní GPU, ẹ má dán an wò. Àtúnkọ́ ni kí ẹ ṣe. Àmì inú orúkọ ọjà 300 lè má ju bíi 350 lọ bí ẹ bá yọ èyí tó tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ kà á kí ẹ mọ iye gan-an. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ wá àwòrán 30, látọwọ́ èèyàn tó tó mẹ́wàá. 30 látọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò tó nǹkan kan. Ìkọ̀wé ẹni yẹn ni model á kọ́, kò ní kọ́ àmì. Ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo ìpele model pa, kí ẹ kọ́ èyí tó kẹ́yìn nìkan, learning rate, ìyẹn bí ìyípadà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, kó jẹ́ 0.001. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 0.0001. Nínú ìdì àwòrán kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń fún model, kí ìdajì jẹ́ CASIA, kí ìdajì jẹ́ tiyín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbàgbé èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwòrán CASIA tí ẹ bá ń lò, ẹ máa mú kí ìlà rẹ̀ sanra sí i ní pixel kan, méjì, nígbà míì mẹ́ta, kó lè jọ máákà.

Ẹ lè yí àwòrán díẹ̀, tó dìgírì 10 sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹ má yí i bí ojú dígí láé. 陪 àti 部, apá kan náà ló wà nínú méjèèjì, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ da orí 由 kodò, 甲 lẹ rí. Kóòdù àwòrán tí wọ́n kọ fún ológbò àti ajá máa ń ní ìyídígí yìí ní títàn láti ilé. Ẹ wá a, ẹ pa á.

Èyí tí ẹ máa fi dán an wò, ọwọ́ ẹni tí kò kọ nínú ti ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni CASIA fúnra rẹ̀ ṣe: nínú HWDB1.1, èèyàn 240 fún kíkọ́, 60 tó yàtọ̀ fún ìdánwò.

---

Àlàkẹ́_Tablet

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi rò pé ọ̀nà tó rọrùn jù lẹ fò kọjá. Kí ẹni tó ń gbẹ́rù jáde fi bírò tablet kọ ọ́ sójú gíláàsì. Níbẹ̀ kọ̀ǹpútà kò rí àwòrán nìkan, ó mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó gbà, àti ibi tó parí sí. Nínú ìdíje 2013 kan náà, apá èyí tí wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ, Yunifásítì Warwick gba 97.39%, ẹ fi wé 94.77% ti àwòrán. Ọ̀rọ̀ 右 àti 石 yẹn tán níbẹ̀: ẹ kàn wò ó bóyá ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ lókè ìlà ìbú tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí páálí, kò sí òjìji, kò sí Sauvola. Tí wọn kò bá sì gbà láti kọ ọ́, sítókípà fúnra rẹ̀ lè wo ara páálí kó fi ìka tún un yà.

---

Alámì

Àlàkẹ́, apá àkọ́kọ́ dáa tí àwọn olùránṣẹ́ bá gbà. Apá kejì léwu. Ẹni tó mọ èdè náà máa ń to ìlà rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: òkè ṣáájú ìsàlẹ̀, òsì ṣáájú ọ̀tún. 口 jẹ́ ìlà mẹ́ta: òsì sọ̀kalẹ̀, òkè lọ sí ọ̀tún kó sì ṣẹ́ wálẹ̀, ìsàlẹ̀ pa á dé. Ẹni tí kò kọ́ ọ á ya rọ́bọ́tọ́ kan tàbí ìlà mẹ́rin. Model tó gbára lé ètò ìlà á ṣìnà pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ẹ wá èyí tó ń tú ìlà náà sórí àwòrán ìhà mẹ́jọ, ìyẹn àwòrán kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan tí bírò ń lọ. Irú èyí kò bìkítà púpọ̀ nípa èwo ló ṣáájú.

---

ÀwòránMọ́_Ìkòròdú

Sítókípà, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé ọjà yín, torí òun lohun tó níye lórí jù tí ẹ ní, ẹ ò sì tíì lò ó.

Tí model bá ń gba 96% lórí àmì kọ̀ọ̀kan, orúkọ alámì mẹ́rin á pé láìsí àṣìṣe kankan ní bíi 85% péré, torí 0.96 lọ́nà ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Alámì mẹ́wàá á já sí 66%. Ṣùgbọ́n ẹ ò wá gbogbo èdè Ṣáínà, ọ̀kan nínú 300 lẹ ń wá. Ẹ má gba ìdáhùn àkọ́kọ́ fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú mẹ́wàá tó ga jù pẹ̀lú máàkì wọn. Àmì tó tọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nínú mẹ́wàá yẹn nígbà gbogbo. Kí ẹ wá mú orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan tí iye àmì rẹ̀ bá ti ara páálí mu, ẹ ro log (logarithm) ìṣeéṣe àwọn àmì inú rẹ̀ pọ̀, èyí tó ga jù ni ìdáhùn. Ká ní model sọ pé 阁 ni àmì kìíní, 0.5, 阀 sì tẹ̀ lé e, 0.3, tí 门 dá a lójú. 阁门 kò sí nínú ìwé ọjà, 阀门 wà níbẹ̀. Ó parí. Èyí náà ló ń tún gígé tó burú ṣe: 车由承 kò sí, 轴承 wà.

Ẹ má ṣe gé model kù sí 350. Ẹ fi 3,755 rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó lè hàn síta nígbà tí ohun tí kò sí nínú ìwé bá wọlé. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orúkọ kìíní àti ìkejì. Tí àlàfo yẹn bá kéré, tàbí tí orúkọ kìíní fúnra rẹ̀ bá ní máàkì tó kéré jọjọ, kí fóònù sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, kó gbé fọ́tò náà fún èèyàn. Láti mọ ibi tí ẹ máa fi ààlà sí, ẹ kó fọ́tò páálí 500 tí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn, ẹ tò wọ́n láti àlàfo tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí àṣìṣe á fi kọjá èyí tí sítóò lè fara mọ́. Ẹ fi ààlà síbẹ̀.

Iye ọjà ni ìwé kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. 10 àti 1,000 jẹ́ iye tó ṣeé ṣe méjèèjì. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn mọ ewu yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ 壹, 贰, 叁 sórí ìwé owó dípò 一, 二, 三, torí ìlà kan péré ló lè sọ 一 di 二 tàbí 十. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà nìkan pinnu iye tó bá ní 十 tàbí 千 nínú, àfi tí àlàfo bá tóbi gan-an.

Èyí tó dáa jù lójú mi ni kí ẹ fún àwọn olùránṣẹ́ ní sítíkà. Ẹ tẹ àpótí sí i, sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́nà 2, àmì kan nínú àpótí kan, mẹ́fà fún orúkọ, mẹ́rin fún iye ní nọ́ńbà 0 sí 9. Ọ̀rọ̀ gígé tán nìyẹn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dúdú kékeré mẹ́rin sí igun sítíkà, kí kóòdù lè fi wọ́n na fọ́tò tó bá wọ́. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi tẹ àwọn ìlà àpótí náà, kí ẹ sì fún wọn ní máákà dúdú: tí ẹ bá wo ìpele pupa, àpótí á pòórá sínú funfun, ìkọ̀wé nìkan ló máa kù. Ìwé tí kò dán ni kí sítíkà náà jẹ́. Lórí èyí tó ń dán, ìńkì kì í tètè gbẹ, ọwọ́ tó bá gbé páálí á nù ún, iná kámẹ́rà á sì ta sí i.